Òótọ́ àbí irọ́? Wárántì pátì ọkọ̀ àti àwíjàre àwọn tó ń tà á

“Ẹ má bínú, Mà, wárántì kò kan ìyẹn.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ níwájú káńtà ilé iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ fún wọn, tàbí ní ìsọ̀ àwọn oníspéà pátì, nígbà tí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó ńlá pààrọ̀ bá tún kú láàrin oṣù mélòó kan. Ẹni tó ń fèsì wọ aṣọ iṣẹ́, ó mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, oníbàárà kò sì mọ èyí tí yóò wí. Á yí padà, á lọ wá owó mìíràn.

Ó ń dùn mí, torí púpọ̀ nínú àwọn àwíjàre yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kan sì jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, ó yẹ ká mọ̀ wọ́n kí a má baà lọ jà níbi tí a ò ti lẹ́jọ́.

“Mẹkáníìkì ìta ti fọwọ́ kàn án, wárántì ti bàjẹ́ nìyẹn”

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, irọ́ ni. Láti ọdún 1975 ni òfin kan tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss Warranty Act ti wà níbẹ̀. Ó sọ pé ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ríra pátì tirẹ̀, tàbí lílo wọ́kìṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ṣe àdéhùn kí wárántì tó lè múlẹ̀, àfi tó bá ń fún oníbàárà ní pátì tàbí iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí tó bá gba àṣẹ pàtàkì lọ́wọ́ àjọ Federal Trade Commission. Àjọ yìí kan náà ló pe BMW ti Àríwá Amẹ́ríkà sí ìjẹ́jọ́ ní ọdún 2015 lórí àwọn ọkọ̀ MINI. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n ń sọ fún àwọn tó ra MINI pé tí wọn kò bá lo pátì MINI, tí wọn kò sì gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn díílà MINI, wárántì wọn lè lọ. Àdéhùn ló parí ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ náà ṣíwọ́, kí wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn oníbàárà láti jẹ́ kí wọ́n mọ ẹ̀tọ́ wọn. Ní ọdún 2022, irú ẹ̀sùn kan náà kan Harley-Davidson, tó ń ṣe alùpùpù.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú òfin yẹn ni ẹni tí ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀. Ká ní ẹ ra brẹ́ẹ̀kì páàdì níta, ẹ ní kí mẹkáníìkì àdúgbò fi sí i, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kọ́ńprẹ́sọ̀ AC kú. Kí ni brẹ́ẹ̀kì páàdì rí ṣe pẹ̀lú AC? Díílà kò lè fi ti àkọ́kọ́ kọ èkejì. Tó bá jẹ́ pé fíltà ọ́ìlì tí kò dára tí ẹ rà níta ló já nínú ẹ́ńjìnnì tó sì bà á jẹ́, ó lè kọ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò fi hàn pé fíltà náà ló fa á. “A rí i pé ẹ ti lọ síbòmíràn” kì í ṣe ẹ̀rí.

Ní Ìlú Ọba náà, ẹ lè gbé ọkọ̀ tó ṣì wà lábẹ́ wárántì lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wù yín. Òfin tó ń dáàbò bo èyí ti wà tẹ́lẹ̀ lábẹ́ Àjọṣepọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì fi tiwọn rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ni kí iṣẹ́ náà bá àkókò tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ìwé ọkọ̀ mu, kí pátì tí wọ́n lò dára tó ti ojúlówó, kí rísíìtì sì wà.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? A kò ní òfin tó la ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bíi ti Amẹ́ríkà. Tí ìwé wárántì ọkọ̀ tuntun tí ẹ buwọ́ lù bá sọ pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni ẹ ti gbọ́dọ̀ máa ṣe sáfíìsì, ó ṣòro láti sọ pé ẹ kò mọ̀. Àmọ́ Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba àdéhùn tó ń rẹ́ oníbàárà jẹ, ó sì sọ pé ibi tí àdéhùn bá ti ń dín ojúṣe oníṣòwò kù, ó gbọ́dọ̀ pe àkíyèsí oníbàárà sí i ní èdè tó yé e. Lẹ́tà wẹ́wẹ̀wẹ́ tó wà lẹ́yìn bébà, tí ẹnikẹ́ni kò kà fún yín, ṣeé bá wọn fà.

“Nǹkan iná kò ní gárántì”

Ẹ dé Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ dé ọjà spéà pátì ní Gate ní Ìbàdàn, ẹ óò gbọ́ ọ. Ọ́tánétọ̀, sẹ́ńsọ̀, páńpù epo, bí ẹ bá ti gbé e kúrò ní ìsọ̀, ó ti di tiyín. Àwọn míì tẹ̀ ẹ́ sórí rísíìtì pé owó tó bá ti wọlé kò ní jáde mọ́.

Irọ́ ni lójú òfin. Òfin 2018 tí mo mẹ́nu bà yẹn sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ dára, kó ṣiṣẹ́, kó má ní àbùkù, kó sì lò fún ìgbà tó bójú mu. Kò yọ nǹkan iná sílẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí rísíìtì tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè gba ẹ̀tọ́ tí òfin fúnni. Tí ẹ bá sì sọ fún ọlọ́jà pé Corolla ọdún báyìí ni ẹ fẹ́ ẹ fún, tó ní “òun gan-an nìyí”, tí kò wá bá a mu, ẹ lè dá a padà láàrin àkókò tó yẹ, kí owó yín sì pé.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rù tó ń ba ọlọ́jà kì í ṣe lásán. Bí rìwáyà bá gbé orí bátìrì sódì, dáyọ́òdù inú ọ́tánétọ̀ á jó lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó. Wáyà tó ń kanra àti bátìrì tó ti kú tán náà ń pa á. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ní ẹ̀rí tiyín láti ọjọ́ kìíní. Lẹ́yìn tí wọ́n bá de ọ́tánétọ̀ tuntun, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí rìwáyà fi mítà wọn orí bátìrì: ó sábà máa ń wà láàrin fólítì 13.5 sí 14.5. Kí ó kọ iye náà sẹ́yìn rísíìtì, kó kọ ọjọ́ àti kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó buwọ́ lù ú. Nígbà tí ọlọ́jà bá ní ẹ ti jó o, nǹkan wà lọ́wọ́ yín tí ẹ óò fi sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá sì ta àlòkù fún yín lórúkọ tuntun, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn. Òfin ní kí ẹni tó ń ta àlòkù tàbí ọjà tí wọ́n tún ṣe sọ ọ́ kedere fún ẹni tó ń rà á.

“Ẹ kò pààrọ̀ dráyà, torí náà a ò lè pààrọ̀ kọ́ńprẹ́sọ̀”

Òótọ́ ni, ó sì dùn mí láti sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ ni èyí ti ká mọ́. Nígbà tí kọ́ńprẹ́sọ̀ AC bá fọ́ nínú, irin wẹ́wẹ́ á tú sínú ọ́ìlì, á bá gáàsì rìn wọ inú àwọn páìpù. Bí wọn kò bá fọ páìpù, tí wọn kò sì pààrọ̀ dráyà, ìyẹn agolo tó ń sẹ́ gáàsì AC, irin yẹn á padà wọ inú kọ́ńprẹ́sọ̀ tuntun, á lọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ṣe é mọ èyí, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi kọ ọ́ sínú ìwé wárántì pé àwọn fẹ́ rí rísíìtì dráyà. Mẹkáníìkì tó bá sọ fún yín pé “ẹ fi owó yẹn sílẹ̀, Dádì, kò pọn dandan” ti ta wárántì yín nù kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Pátì tuntun, wárántì tuntun”

Àwa oníbàárà la ń sọ èyí, kò sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ká ní wárántì ọkọ̀ yín jẹ́ ọdún mẹ́ta, wọ́n wá pààrọ̀ ọ́tánétọ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó ku oṣù méjì. Oṣù méjì yẹn náà ni ọ́tánétọ̀ tuntun sábà máa ń ní, torí ó wọ inú wárántì ọkọ̀, kò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Pátì tí ẹ fi owó ara yín rà lọ́dọ̀ díílà ló ń ní wárántì tirẹ̀, oṣù 12 tàbí 24 ló sì wọ́pọ̀. Níbẹ̀ náà, ẹ béèrè bóyá owó iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń fún ènìyàn ní pátì mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á tún gba owó títú àti dídè, pàápàá tó bá jẹ́ pé àwọn kọ́ ló dè é lákọ̀ọ́kọ́.

“Ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é”

Irọ́. Ẹni tó gba owó yín ni ẹ óò bá sọ̀rọ̀. Òfin Consumer Rights Act ti 2015 ní Ìlú Ọba sọ ọ́ pàtó pé ọwọ́ ẹni tó tà á ni ẹ̀tọ́ oníbàárà wà. Ẹni tó bá ra ọjà lábùkù níbẹ̀ ní 30 ọjọ́ láti dá a padà gba owó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí àbùkù bá yọ láàrin oṣù mẹ́fà, wọ́n á gbà pé ó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, àfi tí ọlọ́jà bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

“Wárántì Amẹ́ríkà ṣì wà lára tòkunbọ̀ yìí”

Irọ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀ nìyí. Wárántì ilé iṣẹ́ kì í sábà bá ọkọ̀ sọdá òkun, díílà tó wà ní Èkó kò sì jẹ yín ní gbèsè ohun tí wọ́n tà ní Houston. Ohun tó lè bá ọkọ̀ náà wá ni àbùkù tí wọ́n ti pè é padà fún níbẹ̀ tí wọn kò tíì tún ṣe. Báàgì afẹ́fẹ́ (airbag) Takata jẹ́ ọ̀kan: nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nìkan, torí ooru àti ọ̀rinrin ń ba kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́ títí yóò fi bú gbàmù tí irin á fò lu ẹni tó jókòó. Ooru àti ọ̀rinrin kò sì wọ́n nílẹ̀ wa. Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ tẹ nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ tó ní àmì 17 sí ojú ewé NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.

Bí wọ́n bá ti wá kọ̀ fún yín, ẹ má fi ariwo jà á. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ sórí ìwé, kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà níbẹ̀, kí ẹ sì gba pátì tó bàjẹ́ náà padà, torí tí wọ́n bá ti jù ú nù, ẹ̀rí ti lọ. Ọ̀pọ̀ àwíjàre ẹnu ni kì í lè dúró lórí ìwé. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá pátápátá wọn. Bí kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tàbí LASCOPA, ti ìjọba ìpínlẹ̀, tó bá jẹ́ Èkó. Ní Èkó, láti ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ fún gbèsè kéékèèké ti wà, tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Wọ́n fẹ́ kó parí láàrin 60 ọjọ́, ẹ sì lè ro ẹjọ́ yín fúnra yín láìgba lọ́yà. Lẹ́tà tí ẹ fi béèrè owó yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fẹ́ rí, nítorí náà ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.