Ìdí Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Ké: Ẹ Yẹ Ọ́ìlì Wò Kí Ẹ Tó Kó Èésú Tì Í

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti iye tí wọ́n ń ta ata, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Kí ló kan obìnrin nínú ìdí mọ́tò?" Ó kàn wá gan-an ni. Ẹrù ta ni píkọ́ọ̀pù ń rù? Owó ta sì ni dẹ́rẹ́bà ń gbà lọ fún mẹkáníìkì?

Èmi àti àwọn mẹ́ta kan tí a jọ ń dá èésú la jọ ni píkọ́ọ̀pù àlòkù kan. Iṣu àti ata ló ń kó láti àwọn oko ní Oríire wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà òjò tó kọjá, dẹ́rẹ́bà wa ní ìdí mọ́tò ti ń ké. Mo jókòó níwájú, mo sì gbọ́ ọ fúnra mi: ó ń dún ùùùn, bí oyin tó há sínú agbè. Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò tilẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ní odindi ìdí mọ́tò náà ló ti lọ, ká lọ ra òmíràn tí wọ́n tú lára mọ́tò mìíràn. A ti fẹ́ kó èésú tì í, ẹni tó yẹ kó gbà á lóṣù yẹn sì ti gbà láti fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ilé ìwé ọmọ ló wà nínú rẹ̀.

Bàbá àgbà kan tó ń tún mọ́tò ṣe ló ní ká dúró ná. Ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn ìdí mọ́tò náà, ó ti ìka bọ inú ihò. Ohun tó bá ìka rẹ̀ jáde kò jọ ọ́ìlì rárá, bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí ni. Omi! Odò tí dẹ́rẹ́bà wa ń là kọjá lọ́nà oko ti wọnú rẹ̀.

Bàbá yẹn ló ṣàlàyé fún mi bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìkòkò irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì ni à ń pè ní ìdí mọ́tò, àwọn mẹkáníìkì ní dìfúrẹ́ńṣà. Ọ̀pá gígùn kan ló gbé agbára ẹ́ńjìnnì wá síbẹ̀. Lórí ọ̀pá yẹn ni irin kékeré eléyín kan wà tí wọ́n ń pè ní píníọ̀nì, òun ló ń yí irin ńlá eléyín tí wọ́n ń pè ní kíráùn, kíráùn sì ń yí táyà. Àwọn eyín kéékèèké mìíràn tún wà nínú rẹ̀ nítorí kọ́nà, torí pé bí mọ́tò bá ń yà, táyà ìta ń rìn jìnnà ju ti inú lọ.

Ní 1926, ilé iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé píníọ̀nì sísàlẹ̀ díẹ̀ kí mọ́tò má baà ga jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ṣe rí títí di òní. Eyín méjèèjì kì í kàn yí lórí ara wọn mọ́, wọ́n tún ń fa ara wọn, bí ìgbà tí ọmọ ọlọ bá ń lọ ata lórí ọlọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ ọlọ ṣe máa ń gbá gbogbo ohun tó wà lójú ọlọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni eyín yẹn ṣe ń gbá ọ́ìlì lásán kúrò, irin á wá kan irin. Ìdí nìyẹn tó fi ní ọ́ìlì tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ariwo, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi owó wa ṣòfò. Ariwo ìdí mọ́tò kì í ṣe oríṣi kan. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi dẹ́rẹ́bà ni pé, "Ìgbà wo ló ń ké?" Bó bá jẹ́ ìgbà tó tẹ tọ́rótù nìkan ló ń kùn, tó sì dákẹ́ nígbà tó gbẹ́sẹ̀ kúrò, eyín kíráùn àti píníọ̀nì ni ká kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ ìgbà tó gbẹ́sẹ̀ kúrò ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó lè jẹ́ pé píníọ̀nì ti tú, tàbí bíárìn tó gbé e dúró ti jẹ. Bó bá ké nígbà méjèèjì, bíárìn yẹn náà ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bó bá ń lọ tààrà tí kò dún, tó wá ń dún ní kọ́nà nìkan, àwọn eyín kéékèèké inú ni. Bó bá sì ń kan "gbà!" nígbà tí dẹ́rẹ́bà kúrò ní gíà iwájú bọ́ sí ẹ̀yìn, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo oríkèé ọ̀pá gígùn yẹn, torí kò wọ́n tó ìdí mọ́tò.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í tilẹ̀ ṣe ìdí mọ́tò. Táyà tó jẹ ségbẹ̀ẹ́ kan lè kùn bákan náà. Bí ariwo bá yí padà nígbà tí mọ́tò kúrò lórí ọ̀dà tó dán bọ́ sórí èyí tó rí ṣákaṣàka, táyà ni. Bó bá ń pọ̀ sí i nígbà tí dẹ́rẹ́bà rọra darí mọ́tò sọ́tùn-ún, tó ń dín kù nígbà tó darí sósì, tàbí tí ti sósì pọ̀ tí ti ọ̀tún dín, bíárìn táyà ni. Bí dẹ́rẹ́bà bá fi gíà sí fírì lórí ìrìn, níbi tó tẹ́jú tí mọ́tò kò sí lẹ́yìn, tí ariwo kò yí padà rárá, ẹ yẹ táyà àti bíárìn rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó tú ìdí mọ́tò.

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ bíárìn. Bí bíárìn píníọ̀nì bá gbẹ tó sì há, táyà ẹ̀yìn méjèèjì lè dá dúró gbagidi lórí eré. Ẹ fojú inú wo ìyẹn lójú títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú tíréélà lẹ́yìn àti àwọn èèyàn wa lórí ẹrù. Síìlì tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà burú, nítorí ọ́ìlì á ṣàn sára bùréèkì, bùréèkì kò sì ní mú mọ́.

Yíyẹ ọ́ìlì wò kò gba owó. Kí mọ́tò wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó tutù. Ihò méjì ló sábà máa ń wà, ti òkè fún rírọ ọ́ìlì sí i, ti ìsàlẹ̀ fún dída a nù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tú ti òkè. Bí wọ́n bá da ọ́ìlì nù tán kí wọ́n tó mọ̀ pé nọ́ọ̀tì òkè kò ṣeé tú, mọ́tò dúró síbẹ̀ nìyẹn. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé etí ìsàlẹ̀ ihò òkè. Ìyẹ̀fun irin tó kúnná bí àtíkè, tó lẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kò ṣe nǹkan. Àmọ́ bí ẹ bá rí èérún irin tó ṣeé mú lọ́wọ́, eyín tàbí bíárìn ló ti ń wó, ọ́ìlì tuntun kò lè wo ìyẹn sàn.

Lára kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì, ohun méjì ni kẹ́ ẹ kà: nọ́ńbà, àti lẹ́tà GL. Nọ́ńbà ń sọ bó ṣe ki tó. 80W-90 ni ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ń lò. 85W-140 ki jù ú lọ, ó sì wà fún ẹrù wúwo nínú ooru, bí ìwé mọ́tò bá gbà á láyè. Kí nọ́ńbà má tàn yín o: òṣùwọ̀n ọ́ìlì gíà yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì. 90 ti gíà kò fi bẹ́ẹ̀ ki ju 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹni tó bá ní "tó bá ti ki, ó dáa" ń tan ara rẹ̀ ni, ọ́ìlì tó ki jù kàn lè bo ariwo mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀.

GL ń sọ agbára tó ní láti gba eyín lọ́wọ́ jíjẹ. GL-5 ni eyín tó ń fara wọn bí ọlọ yẹn ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì rọ GL-5 kan náà sínú àpótí gíà láìwo ìwé mọ́tò, nítorí ọ̀pọ̀ àpótí gíà ló ń fẹ́ GL-4. Oògùn inú GL-5 lè máa jẹ àwọn idẹ tó wà níbẹ̀. Bí ìwé mọ́tò bá sì ní ìdí mọ́tò yín jẹ́ oríṣi tí kì í jẹ́ kí táyà kan máa yọ̀ nìkan, LS gbọ́dọ̀ wà lára kẹ́ẹ̀gì. Kọ́ńdẹ́ḿ ọ́ìlì tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n tún dà sínú kẹ́ẹ̀gì tuntun, ń bẹ nígboro. Bí ìdè ìdérí bá ti já, ẹ má rà á, kódà bó jẹ́ oníbàárà yín ló ń tà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra àlòkù, ìbáà jẹ́ Hilux tàbí 504 àtijọ́, ẹ ní kí wọ́n tú ihò òkè níṣojú yín. Àwọn kan máa ń da ìyẹ̀fun pákó tàbí gírísì sínú ìdí mọ́tò tó ti jẹ, kó lè dákẹ́ títí owó á fi kúrò lọ́wọ́ yín.

Ní ti omi, ìdí mọ́tò tó ti gbóná bá wọ odò tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé láti ara síìlì tàbí láti ihò kékeré tó fi ń mí lókè. Bí ihò yẹn bá dí, ooru á ti ọ́ìlì jáde lára síìlì. Torí náà, bí píkọ́ọ̀pù bá ti wọ omi tó bo ìdí rẹ̀, kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì òkè wò lọ́jọ́ kejì.

Bàbá àgbà da ọ́ìlì tiwa nù, ó fọ inú rẹ̀, ó pààrọ̀ síìlì àti bíárìn píníọ̀nì, ó sì rọ tuntun sí i. Ìyá tó fẹ́ fi èésú rẹ̀ sílẹ̀ gba owó rẹ̀ pé. Píkọ́ọ̀pù náà ṣì ń kùn díẹ̀ tó bá ru iṣu tó ń gòkè lápá Odò Ọbà. Bàbá ní eyín tó ti jẹ kò lè hù mọ́, ká kàn máa fetí sí i. Dẹ́rẹ́bà wa kì í la odò oko yẹn mọ́ bó bá ti kún. Ọ̀nà tó jìn ló ń gbà, àwa la sì ń san owó epo tó lé.