Ta Ni Ó Borí Nínú Eré Ìje Mọ́tò Náà?

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn eré ìje mọ́tò. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ NASCAR ni ó ń ṣe àkóso irú èyí tí wọ́n ń pè ní stock car. Ní nǹkan bí ọdún 1960, irú mọ́tò tí ẹnikẹ́ni lè fi owó rà ni wọ́n fi ń sá eré yìí. Wọn a tún un ṣe, kí ó lè lágbára sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn eré náà ni a fẹ́ sọ fún yín. Wọ́n sá a ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá, ọdún 1963, ní ìlú Jacksonville, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ọ̀nà eré náà kò ní ọ̀dà, ilẹ̀ lásán ni. Ìyípo rẹ̀ kan jẹ́ ìdajì máìlì. Ìgbà 200 ni àwọn awakọ̀ níláti yí i po. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ìdajì máìlì lọ́nà 200, máìlì 100 ni.

Wendell Scott wà nínú àwọn awakọ̀ náà. Ènìyàn dúdú ni, ará ìlú Danville ní ìpínlẹ̀ Virginia. Òun fúnra rẹ̀ ni mẹkáníìkì mọ́tò rẹ̀. Chevrolet àlòkù ni mọ́tò náà, nọ́ńbà 34 ni wọ́n kọ sí i lára. Nígbà náà, ní gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n ya ènìyàn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ènìyàn funfun ní ibi púpọ̀.

Nígbà tí ó ku ìyípo 25, Scott kọjá Richard Petty, ó bọ́ sí iwájú. Ó sá eré rẹ̀ parí, ṣùgbọ́n wọn kò ju àsíá ìparí sí i. Ó bá tẹ̀ síwájú. Nígbà tí eré tán, wọ́n kéde pé Buck Baker, aláwọ̀ funfun, ni ó borí.

Báwo ni irú èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀? Ẹ wò ó ná. Ká ní ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín ń sáré yí ilé ńlá kan po. Bí ẹ bá yára jù ú lọ gan-an, ẹ ó tún lé e bá láti ẹ̀yìn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò ní ọ̀rẹ́ yín ni ó wà níwájú. Kò mọ̀ pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi odindi ìyípo kan jù ú lọ! Nítorí náà ni a fi ń ka ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ní 1963, kò sí kọ̀ǹpútà níbi eré náà. Ènìyàn ni ó ń wo mọ́tò, tí ó sì ń fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé bí mọ́tò bá ti ń kọjá.

Scott kò gbà. Wọ́n yẹ ìwé wò. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì ni wọ́n tó sọ pé Scott ni ó borí. Ìyípo 202 ni ó sá, ó fi méjì ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Àmọ́ àwọn òǹwòran ti lọ sílé, wọ́n sì ti fi ife ẹ̀yẹ dá Baker lọ́lá.

Àwọn alákòóso ní àṣìṣe ìṣirò ni. Scott kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọge aláwọ̀ funfun ni ó máa ń fi ẹnu ko olúborí lẹ́nu, wọn kò sì fẹ́ kí ènìyàn dúdú dúró níbẹ̀.

Scott kú ní ọdún 1990 láìrí ife náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, ọdún 2021, ní Daytona, ni NASCAR tó fi ife lé àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti lé ní ọdún 57!

Ẹ ò rí i? Ìwé jẹ́rìí fún Scott. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè dá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó dì í mú ni ó níláti jẹ́ olóòótọ́, kí ó sì kà á jáde lójú gbogbo ènìyàn, ní àkókò tí ó yẹ.