Kí Lẹ Máa Ń Mu? Ìlàlóye fún Àwọn Tó Ń Bọ̀ Wá Tọ́jú Eyín

Ààbọ̀ ìdáhùn

Lórí káàdì ilé ìtọ́jú eyín, ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń dáhùn kíá, tí wọn kì í sì í dáhùn tán: kí ni wọ́n máa ń mu? "Mi ò kì í mu mínírà" ló wọ́pọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà á ní kí aláìsàn lanu, á sì bá ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá tún fi sùúrù bi í ni ọ̀rọ̀ ń yí padà: mọ́ọ̀tì kan láàárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀, zobo níbi iṣẹ́, gàrí nígbà tí oòrùn bá mú, tíì oníṣúgà lálẹ́. Aláìsàn náà kò purọ́. Lójú tirẹ̀, mínírà nìkan ni mínírà. Oúnjẹ tàbí oògùn ni ìyókù.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ìdáhùn kò tó dókítà eyín. Bí kò bá mọ ohun tí ẹnu ń mu, yóò dí ihò kan lónìí, òmíràn á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpò aláìsàn ni owó rẹ̀ yóò ti jáde.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kà mọ́ ọn

Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára eyín kò mọ̀ bóyá inú ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni ṣúgà ti wá tàbí inú kọ́ọ̀pù tíì. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Streptococcus mutans ń jẹ ṣúgà, ó sì ń ya ásíìdì. Ásíìdì yìí ló ń jẹ ìbòrí funfun eyín. Kò sí ohun tó le tó ìbòrí náà nínú ara ènìyàn, egungun pàápàá kò tó o, àmọ́ bó bá ti lu, kì í hù padà.

Nítorí náà, mọ́ọ̀tì wà lára ohun tó yẹ kí aláìsàn dárúkọ. Pé kò ní ọtí nínú kò sọ pé kò ní ṣúgà. Júùsì inú páálí wà níbẹ̀, àní èyí tí wọ́n kọ èso gidi sí lára. Yógọ́ọ̀tì aládùn wà níbẹ̀. Tíì wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ Lipton, Milo tàbí Bournvita, bí ṣúgà bá ti wọ̀ ọ́. Ògì tí wọ́n bu ṣúgà sí àti gàrí tí wọ́n fi ṣúgà mu kò yọ sílẹ̀. Zobo, tí wọ́n ń fi òdòdó ìṣápá pupa ṣe, kan fúnra rẹ̀ kí ṣúgà tó dé bá a. Ẹmu tó dùn yùngbà láàárọ̀ ní ṣúgà. Bó bá fi máa di alẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti di ọtí àti kíkan.

Òfin Ìnáwó ọdún 2021 ní Nàìjíríà bu owó-orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Gàrí tí wọ́n mu nílé kò sí nínú òfin yẹn, kò sì sí ẹni tó kọ ìwọ̀n ṣúgà sí i lára. Ìyẹn ló fi rọrùn láti gbàgbé rẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì.

Èyí tó bá ní àkọlé ṣe é kà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ṣúgà gíráàmù 10 wà nínú mílílítà 100, gíráàmù 50 ló wà nínú ìgò 50cl, nǹkan bíi ṣíbí tíì 12. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2015, ní kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má kọjá nǹkan bíi gíráàmù 50 fún àgbàlagbà lóòjọ́, pé bí ó bá lè dín sí 25, ó tún dára jù.

Iye ìgbà

Awakọ̀ méjì gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, oníkálùkù pẹ̀lú ìgò ẹlẹ́rìndòdò irú kan náà. Èkínní mu tirẹ̀ mọ́ oúnjẹ kó tó gbéra, ó sì fi omi ṣan ẹnu. Èkejì ń fà á mu díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí dé Bẹ́jà ní Èkó. Ṣúgà wọn dọ́gba, àmọ́ eyín èkejì ló wà nínú ewu jù.

Ní àwọn ọdún 1940, oníṣègùn eyín ará Amẹ́ríkà kan, Robert Stephan, wọn ásíìdì ara eyín lẹ́yìn tí ṣúgà bá kàn án. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kíkan rẹ̀ gòkè, ó sì lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rọlẹ̀. Itọ́ ló ń bá eyín ṣe àtúnṣe náà. Ẹni tó bá ń fà á mu ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá kò fún itọ́ láyè.

Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń béèrè àkókò. "Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́" kò tó ìdáhùn bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà gba wákàtí mẹ́ta.

Ọmọ tó ń fi ìgò sùn

Itọ́ máa ń dínkù bí ènìyàn bá sùn. Wàrà aládùn tàbí tíì tó wà lẹ́nu ọmọ mọ́jú yóò dúró lára eyín, àwọn eyín iwájú lókè ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. "Yóò sáà bọ́" kì í ṣe ìdí láti fi í sílẹ̀: láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni eyín ọmọdé ń bẹ̀rẹ̀ sí bọ́, àwọn kan nínú eyín ẹ̀yìn sì ń wà lẹ́nu títí di ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi lásán ni kí ó wà nínú ìgò òru.

Kíkan láìsí ṣúgà

Kólà tí kò ní ṣúgà ṣì ń kan, kíkan náà sì ń mú kí ìbòrí eyín rọ̀. Ẹni tó bá sáré fi búrọ́ọ̀ṣì gbo eyín lẹ́yìn rẹ̀ ń gbo èyí tó rọ̀ náà dànù. Kí ó fi omi ṣan ẹnu, kí ó dúró fún ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kó tó fọ eyín.

Àwọn tó ń yọ kòkòrò

Kò sí aràn nínú eyín. Ohun tí àwọn tó ní àwọn ń yọ kòkòrò eyín ń já sínú abọ́ omi fún aláìsàn wò kò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹni tó fi omi bátìrì tàbí ògógóró sínú ihò eyín kí ó sọ ọ́, nítorí ẹran ìdí eyín tó bó ń yí ìtọ́jú padà.

Kí wọ́n tó dé ojú fèrèsé káàdì

Kí aláìsàn kọ gbogbo ohun tó mu lánàá, láti ìgbà tó jí títí tó fi sùn, pẹ̀lú àkókò: píọ̀ wọ́tà, tíì, gàrí, oògùn ikọ́ aládùn, ohun mímu inú agolo tí wọ́n fi ń lé oorun. Ẹni tí kò mọ̀wé kí ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, yóò bá a kọ ọ́. Ẹni tó ń mú ọmọ bọ̀ kí ó mú ìgò tí ọmọ fi ń sùn dání, kí ó má fọ̀ ọ́.