Ọkọ̀ ojú omi onífáíbà àlòkù: Kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnnì, ẹ fi òòlù gbá ẹ̀yìn rẹ̀ wò

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Ìkòyí, ti Èkó tí ọ̀sà wà létí rẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ. Ìkòyí-Ilé, níbi tí Oníkòyí wà, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní ọ̀sà. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà lórí ọkọ̀ ojú omi tó rọrùn láti ṣe ní àgbàlá ilé níbẹ̀ ju bó ṣe rọrùn ní Èkó lọ. Iṣẹ́ náà ni kí èèyàn ra ọkọ̀ onífáíbà tó ti gbó, kó gbé e sábẹ́ páànù, kó tún un ṣe, kó sì tà á tàbí kó fi gbérò.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ilẹ̀ tí èèyàn yóò gbé ọkọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18 tàbí 20 sí fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, owó gidi ni ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ló ní àgbàlá tó gbà á ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀. Fáíbà kò sì fẹ́ ọ̀rinrin nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, àsìkò ọyẹ́ ní òkè lọ́hùn-ún sì máa ń gbẹ nǹkan dáadáa. Ẹ má gbàgbé àwọn pánẹ́ẹ̀bítà tó ń fi fáíbà lẹ bọ́ńpà mọ́tò tó ti fọ́. Bí wọ́n ṣe ń po rẹ́sìn àti bí wọ́n ṣe ń fi máàtì fáíbà lé e, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó kù tí wọn kò tíì mọ̀ ni ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti máa ń kú.

Ní ti ọjà, kì í ṣe Èkó nìkan. Ẹni tó bá gba Ìlọrin kọjá láti Ògbómọ̀ṣọ́ yóò dé Jẹ́bà, níbi tí Odò Ọya wà. Ìdídò Kainji tí wọ́n parí ní 1968, àti ti Jẹ́bà tí wọ́n ṣí ní 1985, ti sọ apá kan odò náà di adágún ńlá, ọkọ̀ ni àwọn apẹja àti àwọn ará abúlé fi ń rìn níbẹ̀. Ní Èkó ní tirẹ̀, LASWA ti ń mójú tó ìrìnnà ojú omi láti 2008, Uber fi ọkọ̀ ojú omi dánra wò níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ọdún 2019, LAGFERRY tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbérò ní oṣù kejì, ọdún 2020. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ṣe ń pọ̀ lójú títì, èrò yóò máa wà lórí omi.

Ìbẹ̀rù náà ń bẹ. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2023, ọkọ̀ onígi kan tó kó àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù lágbègbè Pàtígì, ní ìpínlẹ̀ Kwara, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló sì kú. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí ló ń mú kí àwọn kan máa rò pé bí ọkọ̀ bá ti jẹ́ onífáíbà, ewu ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Lóòótọ́, fáíbà kì í jẹrà, ara ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì lè le koko. Ṣùgbọ́n pákó wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń de ẹ́ńjìnnì mọ́, pláíwúùdù ni wọ́n sábà máa ń fi fáíbà bò. Àwọn igi tó gbé ilẹ̀ ọkọ̀ ró náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ihò nọ́ọ̀tì àti ti ṣúrùú ni omi máa ń gbà wọlé díẹ̀díẹ̀, pákó á jẹrà nínú, awọ fáíbà tó bò ó á ṣì máa dán lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá de ẹ́ńjìnnì tó wúwo mọ́ irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì tẹná mọ́ ọn láàárín omi, ẹ̀yìn náà lè ya.

Èyí ni àṣìṣe tó ń jẹ owó jù: kí èèyàn kọ́kọ́ ra ẹ́ńjìnnì, kó kun ọkọ̀ ní ọ̀dà, kó tó wá wo pákó. Ẹ fi òòlù kékeré gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà káàkiri. Ibi tó bá le á dún gan-an, ibi tó bá ti jẹrà á dún bọ̀ọ̀ bọ̀ọ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá gbà, kí ẹ fi dírìlì lu ihò tíńtín láti inú. Bí ìyẹ̀fun igi tó jáde bá gbẹ tó sì mọ́, ó dáa. Bó bá dúdú, tó tutù, tó ń rùn, ẹ tún owó dúnàá-dúrà, tàbí kí ẹ máa lọ. Àwọn ìléròrò kéékèèké tó máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀, tí omi tó ń rùn bí ọtí kíkan ń jáde nínú wọn bí a bá gún wọn, kò burú tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣeé fá kí wọ́n sì tún un ṣe. Ẹ tún wo fóòmù tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Bó bá ti mu omi, ọkọ̀ náà á wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, epo bẹntiróòlù ni yóò sì máa fi èyí san. Ní Èkó, owó jálá epo kan fo láti nǹkan bí náírà 185 sí 488 ní ìparí oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ó sì tún ti lọ sókè gan-an lẹ́yìn ìgbà náà.

Bí pákó bá ti jẹrà, kì í ṣe pé kò ní àtúnṣe. Wọ́n á fi gíráńdà gé awọ fáíbà inú, wọ́n á yọ igi náà tán pátápátá, wọ́n á jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ, kí wọ́n tó fi pláíwúùdù tí omi kì í tú gọ́ọ̀mù rẹ̀ dípò, kí wọ́n sì fi rẹ́sìn bọ gbogbo etí rẹ̀. Etí ibi tí wọ́n gé kò gbọ́dọ̀ dá ṣáká. Wọ́n á fá a kó máa fẹ́lẹ́ lọ ní ìlọ́po 12: bí ara ọkọ̀ bá nípọn tó mìlímítà 6, ibi tí wọ́n fá gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 72. Rẹ́sìn polyester ló wọ́pọ̀, òun ló sì dín lówó. Epoxy wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń di pákó mú dáadáa ju ìyẹn lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó lè fi epoxy ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan, kó má sì fi polyester lé e lórí, torí kì í dì mọ́ ọn bó ṣe yẹ.

Níbi tí ọmọdé àti ìyàwó ilé wà, ọ̀rọ̀ kẹ́míkà yìí kì í ṣe eré. Oríṣi méjì ni wọ́n máa ń ta pẹ̀lú rẹ́sìn polyester lọ́jà: accelerator, tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jọ ti elésè àlùkò, àti catalyst, tó mọ́ bí omi. Ẹ ò gbọ́dọ̀ da méjèèjì pọ̀ tààrà láé, wọ́n lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàù. Accelerator ni ẹ ó kọ́kọ́ pò mọ́ rẹ́sìn títí yóò fi kárí, kí ẹ tó fi catalyst sí i, ìwọ̀n kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Catalyst tó bá bọ́ sójú lè fọ́ ojú. Òórùn rẹ́sìn náà ń gbiná, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí ìdáná nítòsí, kí ojú ibi iṣẹ́ sì ṣí sílẹ̀. Eruku fáíbà kì í bá ẹ̀dọ̀fóró ṣeré, aṣọ tí wọ́n fi bo imú kò tó fún un, bòmú tó dára ni kí ẹ rà.

Rẹ́sìn, máàtì àti ẹ́ńjìnnì, púpọ̀ nínú wọn láti òkè òkun ni, iye tí wọ́n sì ń tà wọ́n lọ sókè gan-an láti ìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa bá dọ́là fò kiri ní oṣù kẹfà, ọdún 2023. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ka iye máàtì àti jálá rẹ́sìn tí iṣẹ́ náà máa gbà kí ẹ tó san owó ọkọ̀.

Lórí ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn gíga ẹ̀yìn ọkọ̀. Íńsì 15 ni ti ẹ́ńjìnnì onírin kúkúrú, 20 ni ti onírin gígùn, bí wọn kò bá bára mu, ọkọ̀ kò ní rìn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1972 ní àwo kékeré kan tí wọ́n kọ agbára ẹ́ńjìnnì tó lè gbà àti iye èèyàn tó lè kó sí lára. Ẹ kà á, kí ẹ sì tẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ fi gbérò, ẹ máa bá NIWA pàdé, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024 pé àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí omi inú ilẹ̀, títí kan ti Èkó. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ tó iye èrò.

Kí èrò kankan tó wọ̀ ọ́, ẹ kó àpò iyanrìn tó tó ìwọ̀n èrò náà sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e jókòó sínú omi fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ wò ó bóyá omi ń wọlé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tẹ ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan sì máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bóyá ó ń mì.