Kámẹ́rà Ojú Títì: Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Ìṣirò Rẹ̀ Wò

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń wa ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ó ti gbọ́ àròyé wọn nípa kámẹ́rà tó ń ya àwòrán ọkọ̀ tó bá ń sá eré àsápajúdé, tí ìwé owó ìtanràn yóò sì bá onímọ́tò délé. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ń lò ó níbẹ̀. Àwọn kan ní owó ni ìjọba ń fi í wá. Àwọn mìíràn ní ẹ̀mí ló ń gbà là. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ní ìparí ọdún 2005, ìwé àyẹ̀wò ọdún mẹ́rin kan jáde ní Bìrìtéènì. Ó ní níbi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí, àwọn tó kú tàbí tó fara pa gidigidi fi ìdá 42 nínú 100 dín kù. Èyí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ṣé oníṣòwò a máa gba owó láìkà á?

Àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n ti rí iye náà. Ẹni tó fara pa díẹ̀, tí kò fi tó ọlọ́pàá létí, kò sí níbẹ̀. Ìyẹn kéré sí èyí tó kàn: ibi tí ìjàǹbá ti pọ̀ jù láwọn ọdún tó ṣáájú ni wọ́n yàn láti gbé kámẹ́rà sí.

Ẹ fi ọjà tiwa wò ó. Ká ní a mú ìsọ̀ mẹ́wàá tí ọjà kùtà mọ́ lọ́wọ́ jù lóṣù yìí, a sì kùn wọ́n ní ọ̀dà tuntun. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, púpọ̀ nínú wọn yóò tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ọ̀dà ló ṣe é? Ó lè jẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn ọmọ ló dá ìyá kan dúró sílé lóṣù yẹn, òjò ló lé oníbàárà ẹlòmíràn. Bí a kò tilẹ̀ kun ìsọ̀ kankan, púpọ̀ wọn ì bá ṣì tà sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọdún burúkú kọjá: ìjàǹbá ibẹ̀ a máa dín kù fúnra rẹ̀.

Ìwé ọdún 2005 náà kò fi èyí pamọ́ o. Ó wà nínú àfikún ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣírò pé láàárín ìlú, apá tó pọ̀ nínú ìdínkù náà ni kì í ṣe ti kámẹ́rà. Àmọ́ mélòó ló ń ka àfikún?

Nígbà tó di ọdún 2010, ẹgbẹ́ Cochrane kó iṣẹ́ ìwádìí 35 jọ láti ilẹ̀ oríṣiríṣi. 28 nínú wọn ka ìjàǹbá, gbogbo 28 ló sì rí i pé ó dín kù níbi tí kámẹ́rà wà. Ti ìjàǹbá tó pa ènìyàn tàbí tó ṣe é léṣe gidi fi ìdá 11 sí 44 dín kù. Àwọn tó kó o jọ fúnra wọn sọ pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà kò gún régé tó. Ní tiwa, a gbà pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Ohun tá ò gbà ni pé gbogbo 42 yẹn jẹ́ tirẹ̀.

Bí ẹnì kan bá gbé irú ìṣirò "tẹ́lẹ̀ rí àti nísinsìnyí" wá sípàdé yín, ìbáà ṣe ti kámẹ́rà, ìbáà ṣe ti oògùn adìyẹ, ẹ ní kó mú ti ibi tí wọn kò ti lò ó wá pẹ̀lú, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.