Bí Ara Jet Ski Ṣe Ń Ṣá, àti Bí Ó Ṣe Tún Ń Dán

Kò sí ọ̀sà ní Òrò, ìlú wa. Ẹni tó bá fẹ́ rí alùpùpù orí omi tí gbogbo ayé ń pè ní jet ski á wọkọ̀ lọ sí Èkó, á dé etí omi ní Ìkòyí tàbí Lẹ́kí, á sì bá wọn níbẹ̀. Àwọn tuntun ń kọ mọ̀nà. Àwọn tó ti pẹ́ nínú oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́: pupa wọn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, dúdú wọn ti ràwọ̀ sí eérú, tí ènìyàn bá sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara wọn, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹfun.

Kí a tó sọ bí dídán yẹn ṣe lọ, ó yẹ kí a mọ ibi tó ti wá. Pákó ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tẹ́lẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n sì ń fi kùn ún. Ní ọdún 1942, ará Amẹ́ríkà kan, Ray Greene, ní ìlú Toledo, ìpínlẹ̀ Ohio, fi fáíbà, ìyẹn òwú tí wọ́n fi gíláàsì ràn, àti rẹ́sìn, ìyẹn oje tó máa ń le, ṣe ọkọ̀ kékeré kan. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, iṣẹ́ náà gbilẹ̀. Inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń ṣe é, láti ìta wá sínú. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìda pa inú mọ́ọ̀dù, wọ́n á nù ún títí á fi máa dán gbinrin. Wọ́n á wá fọ́n rẹ́sìn aláwọ̀ sí i. Òun ni gel coat. Ìgbà tí ìyẹn bá mú díẹ̀ ni wọ́n á tó máa tẹ́ fáíbà lé e, tí wọ́n á sì máa fi rẹ́sìn rin ín. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú mọ́ọ̀dù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fọ́n ló di awọ ara ọkọ̀. Kò sí ẹni tó kùn ún. Ara mọ́ọ̀dù ló ti gba dídán rẹ̀.

Jet ski bá ọ̀nà yìí nílẹ̀. Clayton Jacobson, ará Amẹ́ríkà tó ń fi alùpùpù sáré ìje, ló ro irú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Bombardier ti Kánádà gbé tirẹ̀, Sea-Doo, jáde ní 1968, kò tà lọ títí. Àwọn Kawasaki ti Japan gbé tiwọn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, orúkọ tiwọn, Jet Ski, sì mọ́ gbogbo wọn lára.

Awọ gel coat yẹn kò nípọn. Bí ìdajì mìlímítà ni. Ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kò lè rí ló ń jẹ ẹ́: ó ń já ìdè tó so rẹ́sìn pọ̀ lókè pátápátá, rẹ́sìn á máa rún, ẹ̀lọ̀ àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ á sì tú síta. Àwọn kan ń dá iyọ̀ inú omi lẹ́bi, ṣùgbọ́n oòrùn ni olórí ọ̀tá. Da omi sára ọkọ̀ tó ti ṣá, á dán lójú ẹsẹ̀, nítorí omi ti dí gbogbo kòtò wínníwínní tó wà lójú rẹ̀. Omi gbẹ tán, ó tún di bó ti wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òróró tí àwọn mìíràn fi ń pa á rí; ọjọ́ díẹ̀ ni. Mo ka irú dídán bẹ́ẹ̀ sí ìrẹ́jẹ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà.

Ohun tó ti kú lókè ni kí a ha kúrò, kí èyí tó yè lábẹ́ lè yọjú. Kì í ṣe gbogbo jet ski ló ní gel coat o: ọ̀dà ló wà lára òmíràn, òmíràn sì jẹ́ ọ̀rá tí àwọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí kò hàn síta ni kí a ti kọ́kọ́ dán an wò. Bí ó bá jẹ́ gel coat, ara àkísà á gba àwọ̀ ọkọ̀.

Kí a fi ọṣẹ àti omi tí kò níyọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí a gbé e sábẹ́ ìbòòji. Bí kò bá tíì ṣá púpọ̀, kọ́ńpáùn, ìyẹn ìpara tó ń mú ojú nǹkan dán, nìkan lè tó. Bí ó bá ti wọra, sáńpépà olómi ló kàn: nọ́ńbà 800 tàbí 1000 fún èyí tó burú, lẹ́yìn náà 1500, lẹ́yìn náà 2000. Èyí tó tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ dábùú ọ̀nà tí ti ìṣáájú gbà, kí ó lè pa àpá rẹ̀ rẹ́. Omi tó ń ṣàn sílẹ̀ á funfun tàbí á pọ́n, bí àwọ̀ ọkọ̀ bá ṣe rí. Ojú ibẹ̀ á kọ́kọ́ ṣókùnkùn ju ti ìṣáájú lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù. Kọ́ńpáùn àti ẹ̀rọ báfù tí kò yára jù ni yóò mú un dán. Bí báfù bá dúró pẹ́ sójú kan, ooru á sun ún. Eteetí àti igun ni awọ ti fẹ́lẹ́ jù, téèpù ló yẹ kí a fi bo ibẹ̀.

Àwọn pẹ́ńtà mọ́tò wa lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán kò ní ṣàjèjì sí èyí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sára mọ́tò àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá ni, ọwọ́ wọn sì ti mọ sáńpépà olómi. Ó wù mí kí àwọn ọmọ Òrò tó kọ́ iṣẹ́ yìí nílé máa fi jẹun létí ọ̀sà Èkó. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó ti gbó ni à ń dán. Ní Èsìẹ́, ìtòsí wa, ère òkúta tó lé ní 1,000 wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Òkúta rírọ̀ ni. Sáńpépà á fá ilà ojú àti irun dídì wọn lọ. Níbẹ̀, ojú òkè gan-an ni ìṣura.

Ti jet ski náà kò sì lè fara da híha títí ayé. Gbogbo ìgbà tí a bá dán an, ó ń dín kù. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ fi ìda pa á lóòrèkóòrè, kí a sì fi aṣọ bò ó bí a bá ti gbé e jáde nínú omi. Bí ìhun fáíbà bá ti ń hàn lábẹ́ àwọ̀, kí a gbé ẹ̀rọ sílẹ̀; gel coat tuntun ló kù tí a máa fọ́n. Ìyẹn náà ní ètò tirẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, ojú rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń po ìda mọ́ ọn kí wọ́n tó fọ́n ọn.