Ipò ínfọ́ìsì nínú Odoo

Odoo ni ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò owó àti iṣẹ́ ajé tí Fabien Pinckaers dá sílẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀m ní ọdún 2005, lábẹ́ orúkọ TinyERP. Ipò mẹ́ta ni ínfọ́ìsì lè wà nínú rẹ̀: Draft, Posted àti Cancelled. (Paid kò sí lára wọn, ipò ìsanwó ni, ọ̀tọ̀ ni a sì ń kà á.) Èyí tó wà ní Draft kò tíì kan ìwé ìṣirò rárá, ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnì Confirm ni gbèsè oníbàárà tó wọ inú ìwé. Bọ́tìnì Reset to Draft lè dá a padà fún àtúnṣe, ṣùgbọ́n ó léwu bí ẹ̀dà rẹ̀ bá ti dé ọwọ́ oníbàárà, nítorí pé ìwé àwọn méjèèjì lè má bára mu mọ́. Ó sàn kí a kọ credit note, tí yóò yọ iye náà kúrò lórí gbèsè láìpa ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ rẹ́.